Iná Pupa tí Gbajúmọ̀ Ní Kí Wọ́n Gé

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, mi ò mọ ibi tó o ti ń kà á. Bóyá inú bọ́ọ̀sì lo wà, bóyá ò ń retí kí wọ́n pè ọ́ wọlé lọ́dọ̀ dókítà, bóyá ẹnì kan ló nà án sí ọ lójú ọ̀nà tí ojú sì tì ọ́ láti kọ̀ ọ́. Fara balẹ̀ díẹ̀. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe olè. Kì í mutí. Kò bá aládùúgbò rẹ̀ jà rí. Síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kó fi mọ́tò kékeré kan pa gbogbo ilé bàbá rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ tónítóní, dígí ńlá wà lára ògiri lọ́tùn-ún àti lósì, kò sì sí ìgbà tó ń kọjá níwájú wọn tí kì í wo ara rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ kì í hun jọ. Bàtà rẹ̀ ń dán débi pé bí eṣinṣin bá bà lé e, yóò yọ̀ ṣubú. Àwọn ará òpópónà náà sọ ọ́ ní Gbajúmọ̀, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn. Nígbà tó yá, ìyàwó rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí Gbajúmọ̀ ò ní, ìyẹn ni mọ́tò. Lọ́jọ́ kan ó ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù mọ́tò, ó sì rí ọ̀kan tó kéré, tó rí roboto, aláwọ̀ ewé, òrùlé rẹ̀ funfun báláú, awọ ni wọ́n fi ṣe àga inú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò lọ mọ́.

"Ẹ mú mẹkáníìkì yín wá kó wá wò ó," ni ọkùnrin tó ń tà á wí.

Gbajúmọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ṣé mẹkáníìkì ló máa júwe ohun tó dára fún mi ni?"

Ó jókòó sínú rẹ̀, ó tan rédíò, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó tún irun rẹ̀ ṣe. Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìwọ òǹkàwé, má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó ń fi ojú ra nǹkan pọ̀ láyé, bóyá èmi àti ìwọ wà nínú wọn.

Ọjọ́ tó gbé mọ́tò náà dé, gbogbo òpópónà ló jáde wá wò ó. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọmọge. Àwọn oníbàárà tó ti ń gẹrun níbòmíràn padà wá, nítorí ẹni tó bá gẹrun lọ́dọ̀ Gbajúmọ̀ nírọ̀lẹ́, ó ṣeé ṣe kó fi Ọmọge gbé e délé.

Kò pẹ́ tí Ọmọge fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá àrà. Bó bá ti rìn díẹ̀, ara rẹ̀ á gbóná, èéfín á máa rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì á kú. Mẹkáníìkì pààrọ̀ rediétọ̀, àìsàn náà padà wá. Ó pààrọ̀ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ó tún padà wá. Bí wọ́n ṣe ń dí ibì kan ni ibòmíràn ń jò. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, mẹkáníìkì náà ṣojú abẹ níkòó.

"Ọ̀gá, orí ẹ́ńjìnnì yìí ti sán látọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ lò ó. Ẹ pààrọ̀ gbogbo ẹ̀, àbí kẹ́ ẹ gbé e jókòó."

Gbajúmọ̀ ò lágbára àtipààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, kò sì lè gbé e jókòó. Àwọn èèyàn á fi í rẹ́rìn-ín. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sin Ọmọge bí ẹrú ṣe ń sin olówó rẹ̀. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi sínú bọ́ọ̀tù, ó fi aṣọ funfun tí wọ́n fi ń bo oníbàárà bò ó. Bí mọ́tò bá kú lójú títì, á jáde, á fara ti ilẹ̀kùn, á gbé fóònù sétí bí ẹni tó ń bá ẹni ńlá sọ̀rọ̀, títí ẹ́ńjìnnì á fi tutù. Àwọn tó ń kọjá á kí i pé, "Gbajúmọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o," á sì juwọ́ sí wọn. Kò sẹ́ni kankan lórí fóònù.

Wàhálà kan ló wá kù, ìyẹn ni iná pupa kékeré kan tó wà níwájú awakọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti fẹ́ gbóná jù, iná náà á tàn yòò. Lọ́jọ́ kan Gbajúmọ̀ gbé ọ̀gá báńkì kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀, ọkùnrin náà sì nàka sí iná ọ̀hún.

"Gbajúmọ̀, kí ni iná pupa yìí ń wí?"

"Ó ń kí yín káàbọ̀ ni, sà."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òógùn bo Gbajúmọ̀ lábẹ́ aṣọ. Ọjọ́ kejì ló gbọ̀nà ilé rẹwáyà lọ, ọkùnrin tó ń tún wáyà mọ́tò ṣe, ó ní kó gé wáyà iná náà.

"Ọ̀gá, iná yìí ló máa ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ dúró o," ni rẹwáyà wí.

"Mo mọ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ kó máa sọ nìyẹn."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá a lọ lọ́jọ́ náà, ọkùnrin tó ń ya fọ́tò nínú ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tirẹ̀. Bàbá Fọ́tò ni wọ́n ń pè é, àtikékeré ni wọ́n sì ti jọ ń ṣeré. Ó wo rẹwáyà bó ṣe ń gé wáyà, ó yíjú sí Gbajúmọ̀.

"Ṣé ẹ́ńjìnnì náà ò ní gbóná mọ́ báyìí?"

"Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

"Ìwọ náà ńkọ́?" ni Gbajúmọ̀ wí. "Ṣé o kì í pa àpá ojú àwọn èèyàn rẹ́ nínú fọ́tò ni?"

"Fọ́tò kì í gbé èèyàn gun òkè," ni Bàbá Fọ́tò dá a lóhùn. Gbajúmọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì sanwó fún rẹwáyà.

Kò pẹ́ sígbà náà, ó ń sọ̀kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú lójijì. Ó tẹ bíréèkì, bíréèkì le bí òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ yí sítíárìn, kò fẹ́ yí. Bí kì í bá ṣe bíréèkì ọwọ́ tó fà, tí táyà sì gbá etí gọ́tà, ara ògiri ilé ìwé ni ìbá lọ kú sí. Kò sẹ́ni tó rí i. Ó jáde, ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu ojú rẹ̀, ó sì nu eruku ara Ọmọge.

Ọjọ́ náà ló pinnu láti tà á. Ṣé o rí i, kò pinnu láti sọ òótọ́. Ó pinnu láti gbé ewu náà kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, kó gbé e kọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn. Ó ní ẹni tí òun ò mọ̀ rí ni òun máa tà á fún, ará ọ̀nà jíjìn tí kò ní padà wá bá òun. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ìyá rẹ̀, ló gbọ́. Tíṣà ni, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kò tíì ní mọ́tò rí. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ìyá wọn ń gbé. Ojú ìyá náà ti ń ṣú, dókítà sì ti ní iṣẹ́ abẹ ló máa là á.

Ọ̀sán gangan ló wọ ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí àwọn oníbàárà kún ibẹ̀ dẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ ta Ọmọge. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á fún ará ìta. Èmi ni kẹ́ ẹ tà á fún."

Abẹ dúró lọ́wọ́ Gbajúmọ̀. "Àbúrò mi, mọ́tò yẹn ò bá ẹ mu. Ó ti kéré jù fún oníyàwó."

"Ẹ̀yin lẹ lò ó, Bọ̀ọ̀dá. Mọ́tò tẹ́ ẹ bá lò, ṣé mo tún máa mú mẹkáníìkì wá wò ó ni? Tí n ò bá gbà yín gbọ́, ta ni kí n wá gbà gbọ́?"

Oníbàárà kan tó ń dúró de àga pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ bí ọmọlúàbí ṣe ń sọ̀rọ̀. Gbajúmọ̀, ẹ̀yin lẹ ní àbúrò o."

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ ọ́. Gbólóhùn kan péré ni, ì bá sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo gbogbo ojú tó wà nínú dígí, bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí i, ó wo ojú tirẹ̀ láàrin wọn, bó ṣe dára tó. Kò lè bà á jẹ́. Ó ní, "Ó ti di tìẹ."

Láti ọjọ́ náà Gbajúmọ̀ ò rímú mí mọ́. Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, "Máa bu omi sí i láràárọ̀, má sì gbé e rìn jìnnà." Àbúrò rẹ̀ rò pé ìfẹ́ ni, ó tún wá ń dúpẹ́ ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Ilé sí ilé ìwé nìkan ló ń gbé e dé. Ìyàwó àbúrò náà á gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, á ní, "Bọ̀ọ̀dá, ọmọ kì í sunkún mọ́ tó bá ti wọ mọ́tò yín. Àga ẹ̀yìn yẹn ló ti ń sùn." Ìyá wọn náà á gbà á, á máa gbàdúrà fún un títí káàdì á fi tán.

Bí fóònù bá dún, á ní ìròyìn tí òun ń bẹ̀rù ló dé. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Gbajúmọ̀, kí ló ń ṣe yín?" Ó ní kò sí nǹkan kan. Ó fẹ́ sọ ọ́, ahọ́n rẹ̀ ò yí. Ó fẹ́ gbàgbé rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò gbà. Ẹni tó ní ọ̀pọ̀ dígí nínú ṣọ́ọ̀bù kò fẹ́ rí ojú ara rẹ̀ mọ́, ó sì ń gẹrun fún àwọn èèyàn pẹ̀lú orí tó tẹ̀ ba.

Nígbà tó yá, wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ìyá wọn. Ẹ̀yìn òkè ńlá ni ilé ìwòsàn ojú náà wà. Ọ̀nà rẹ̀ gùn lọ sókè títí, lẹ́yìn náà ó wá yí wálẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ títí dé etí odò, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ló sì ń gbà á jù. Gbajúmọ̀ sáré lọ bá àbúrò rẹ̀.

"Ẹ fi bọ́ọ̀sì gbé Màmá lọ."

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ká ní mọ́tò nílé, ká wá máa fa Màmá wọ bọ́ọ̀sì? Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ wá tà á fún mi fún?"

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò náà, Bàbá Fọ́tò wá gẹrun. Kò sí ẹlòmíràn nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó jẹ́ kí abẹ dé àárín orí kó tó sọ̀rọ̀.

"Ṣé o ti sọ fún un?"

"Kí n sọ kí ni?"

"Gbajúmọ̀, èmi ni mo dúró tì ọ́ nígbà tí wọ́n ń gé wáyà."

Gbajúmọ̀ gbé abẹ sílẹ̀. "Bí mo bá sọ fún un, kí ló kù mí kù? Àbúrò mi ń fi mí yangàn. Màmá ò mọ ẹlòmíràn tí wọ́n ń yìn. Gbogbo àdúgbò yìí ń kí mi."

"Ẹni tí wọ́n ń kí yẹn, ṣé ìwọ ni?"

Gbajúmọ̀ yíjú kúrò lára dígí.

"Gbọ́, ọ̀rẹ́ mi," ni Bàbá Fọ́tò wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Kò sóhun tó o lè bò mọ́ Ọlọ́run lójú. Ó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ tipẹ́, ó mọ ibi tó sán. Bó ṣe mọ̀ ọ́n náà ló fi rán Jésù wá kú fún ẹ. Kì í ṣe Gbajúmọ̀ tí gbogbo èèyàn ń rí ló kú fún o. Ẹni tó wà nísàlẹ̀, tí ìwọ fúnra rẹ ò fẹ́ wò, òun ló kú fún. Ẹni tó ń bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ra, ibi ni ẹ̀ṣẹ̀ náà ń gbé e lọ. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ tó sì jáwọ́, á rí àánú gbà."

"Màá sọ ọ́. Ṣáà jẹ́ kí iṣẹ́ abẹ Màmá kọjá ná."

"Ọ̀la ni wọ́n ń gun òkè, Gbajúmọ̀. Èwo ni ti kó kọjá?"

Inú bí Gbajúmọ̀, nítorí òótọ́ ọ̀rọ̀ dà bí ìsọkúsọ létí ẹni tó ń sá fún un. "Irun lo wá gẹ̀. Ṣé kí n parí ẹ̀ àbí kí n má parí ẹ̀?"

Bàbá Fọ́tò bọ́ aṣọ funfun náà kúrò lọ́rùn, ó dìde. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó o bá sọ fún un ni màá wá parí ẹ̀." Ó sì gba àárín òpópónà lọ pẹ̀lú orí tí apá kan rẹ̀ mọ́, tí apá kejì sì kún fún irun. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ bò ó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, fèrè Ọmọge dún lẹ́nu ọ̀nà Gbajúmọ̀. Àbúrò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, aṣọ tó dára jù ló wọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, Màmá ní àwọn ò lọ àfi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé wa. Wọ́n ní ẹ̀yin àkọ́bí lẹ máa di àwọn lọ́wọ́ mú títí wọ́n á fi wọlé iṣẹ́ abẹ."

Gbajúmọ̀ ní òun ní oníbàárà. Ó ní ara òun ò yá. Ìyá rẹ̀ ti na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé mọ́tò, ó ń fi ọwọ́ náà wá a kiri, ó ní, "Ọmọ mi dà?" Kí ni ì bá ṣe? Ó wọlé, ó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀. Ìyá wọn wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìyàwó àbúrò rẹ̀, ọmọ sì wà lórí ẹsẹ̀ ìyàwó náà. Wọ́n pa ilẹ̀kùn dé.

Wo Gbajúmọ̀ nísinsìnyí. Ohun tó fẹ́ tà fún àlejò ló jókòó sínú rẹ̀ yìí, tòun ti ìyá tó bí i lọ́mọ. Bẹ́líìtì há a láyà. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló mọ ohun tó wà níwájú, ẹnu rẹ̀ ni kò sì ṣeé là.

Nígbà tí Ọmọge bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ó gbọ́ ìró kan tí àwọn yòókù ò gbọ́, bí ìgbà tí omi fẹ́ hó nínú ìkòkò. Òórùn gbígbóná kan tó mọ̀ dáadáa wọlé. Ó yọjú wo iwájú àbúrò rẹ̀, níbi tó yẹ kí iná pupa ti tàn. Ibẹ̀ dúdú. Ká ní iná náà ṣì wà ni, àbúrò rẹ̀ ì bá ti rí i, ì bá ti dúró. Òun ló ní kí wọ́n gé e.

"Jẹ́ ká dúró díẹ̀," ló wí. "Mo fẹ́ ra omi."

"Omi wà lẹ́yìn, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ bá mi fún wọn lómi."

Ó mu omi náà tán. "Mo fẹ́ tọ̀."

"Ẹ rọ́jú díẹ̀. Tá a bá ti sọ̀ kalẹ̀ tán, ibùdókọ̀ wà nísàlẹ̀. Ibí yìí ò ṣeé dúró, akẹ́rù ń bọ̀ lẹ́yìn wa."

Ìyá wọn gbọ́ ohùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

"Àkọ́bí mi. Mi ò rí mọ́tò yìí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó dára, bó ṣe ń lọ jẹ́jẹ́ yìí. O ṣeun tó o ṣìkẹ́ àbúrò rẹ. Irú ohun tó o fún un yìí, irú ẹ̀ gan-an ni kí Ọlọ́run máa fún ìwọ náà."

"Àmín," ni ìyàwó àbúrò rẹ̀ wí.

"Àmín o, Màmá," ni àbúrò rẹ̀ wí.

Wọ́n ń dúró de Gbajúmọ̀. Ó la ẹnu, àmín ò jáde. Báwo ló ṣe fẹ́ ṣe àmín sí i? Ọmọ jòjòló náà na ọwọ́, ó gbá irun rẹ̀ tó yà dáadáa mú láti ẹ̀yìn, ó ń fà á, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o ò gbọ́ àdúrà ni?" ni ìyá rẹ̀ bi í. "Ṣe àmín, ọmọ mi."

Pátákó kan yọ lókè níwájú wọn, èyí tó ń kìlọ̀ fún awakọ̀ pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn ló kàn. Ẹ̀rù tí Gbajúmọ̀ ò mọ̀ rí bà á, kì í ṣe ti òkè náà nìkan. Ó rí ara rẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe ń rí i, ọkùnrin tó fẹ́ràn ojú ara rẹ̀ ju ẹ̀mí ọmọdé lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà wá sí i lọ́kàn. Nínú ara rẹ̀ ó ní, "Jésù, gbà mí. Mi ò lè dá a ṣe." Ẹnu rẹ̀ sì là.

"Dúró."

"Bọ̀ọ̀dá, mo ní tá a bá ti sọ̀…"

"Má sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó o dúró. Màmá, ẹ gba àdúrà yẹn padà lórí mi. Mi ò lè ṣe àmín sí i."

Àbúrò rẹ̀ yà sórí ilẹ̀ títẹ́jú kan lókè téńté. Gbajúmọ̀ sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan bò. "Mo mọ̀ kí n tó tà á fún ẹ. Mẹkáníìkì ti sọ fún mi. Iná kan wà níbí tó máa ń kìlọ̀, mo ní kí wọ́n gé e kí ojú má bàa tì mí. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bíréèkì kì í mú. Ó ti ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo mọ̀, mo sì ń wò ẹ́ tó o ń gbé ọmọ sínú ẹ̀."

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Ọmọge fi gbọ̀n, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì kú. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Èéfín bo gíláàsì iwájú. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn kọjá, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níbi tí wọn ì bá wà.

Àbúrò rẹ̀ di sítíárìn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kò wo ibì kankan. "Ọmọ mi ń sùn lẹ́yìn yẹn, Bọ̀ọ̀dá," ló wí. "Ojoojúmọ́ ló ń sùn níbẹ̀." Ó jáde, ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì lọ dúró síbi tó jìnnà.

"Ta ló ń sunkún?" ni ìyá wọn béèrè.

"Èmi ni, Màmá."

Ìyá náà fọwọ́ wá ojú rẹ̀ títí ó fi kàn án. "Mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ báyìí látìgbà tó o ti wà lọ́mọdé," ló wí. "Nu ojú rẹ nù. Lọ bá wa dá bọ́ọ̀sì dúró."

Bọ́ọ̀sì gbé wọn lọ, ó ku òun àti mọ́tò. Ó pe Bàbá Fọ́tò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì bá ọkọ̀ tó ń wọ́ mọ́tò wá, fìlà lórí. Kò bá a wí. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, pẹ̀lú ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ dáadáa àti bàtà tó ń dán. Níbẹ̀ ni Gbajúmọ̀ ti jẹ́wọ́ ara rẹ̀ fún Ọlọ́run ní ẹlẹ́ṣẹ̀, tó sì gba Jésù Kristi ní Olúwa àti Olùgbàlà rẹ̀. Nígbà tó dìde, ojú ṣì ń tì í, ẹkún ṣì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó há a láyà láti ọjọ́ yìí wá ti tú.

Bàbá Fọ́tò ṣí fìlà kúrò lórí irun tí wọn ò gẹ̀ parí. "Ó yá, mo ti ń dúró."

Ìyípadà ọkàn rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ó dá ohun tó gbà padà fún àbúrò rẹ̀, ó ta àga tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù kó lè pé. Ó sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ohun tó ṣe. Àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn ò padà wá mọ́. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́ báyìí, a sì máa sùn dáadáa. Iṣẹ́ abẹ ìyá rẹ̀ yọrí sí rere, ó ń ríran.

Àbúrò rẹ̀ nìkan ni kò bá a sọ̀rọ̀. Gbajúmọ̀ ò sì yọ ọ́ lẹ́nu, ó mọ ohun tó ṣe. Ó ń gbàdúrà, ó ń retí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí, àbúrò náà wọlé. Ó jókòó sórí àga, ó fi orí rọ ẹ̀yìn, ó na ọrùn rẹ̀ sókè, ó sì di ojú.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ló wí, "ẹ bá mi fá irùngbọ̀n mi."

Gbajúmọ̀ da aṣọ funfun bò ó láyà. Ó mú abẹ, ó sì fá a fún un jẹ́jẹ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ọ̀rọ̀ ti kàn ọ́ báyìí. O lè máà ní mọ́tò. Ṣùgbọ́n kí lo mọ̀ nípa ara rẹ tí o kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀? Ta ló jókòó tì ọ́, tó gbà ọ́ gbọ́, tó sì ń lọ síbi ewu nítorí ohun tí o kò sọ? Ìyàwó rẹ ni? Ọkọ rẹ? Ọmọ ìyá rẹ? O ti pa ẹ̀rí ọkàn rẹ lẹ́nu mọ́ títí kò fi sọ̀rọ̀ mọ́, o sì ń pe ìdákẹ́jẹ́ yẹn ní àlàáfíà.

Kì í ṣe àlàáfíà. Ìdájọ́ Ọlọ́run ń bẹ, ọ̀nà tó o wà sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀. Jésù Kristi ti ru ìdájọ́ náà lórí igi àgbélébùú fún ẹni gan-an tó o ń fi pamọ́ yẹn. Kò ní kó o kọ́kọ́ tún ara rẹ ṣe. Ó ní kó o wá bó o ṣe wà.

Má sọ pé ó di ẹ̀yìn ọ̀la. Gbajúmọ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀. Ká ní ó dákẹ́ kọjá pátákó yẹn ni, kò ní sí ẹni tó máa sọ ìtàn yìí fún ọ. Níbi tó o wà yìí, sọ fún Ọlọ́run pé: "Olúwa, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Mo ti tan èèyàn jẹ, mo ti tan ara mi jẹ. Nítorí Jésù, dárí jì mí, kí o sì fún mi ní ọkàn tuntun." Lẹ́yìn náà, dìde, lọ sọ òótọ́ fún ẹni tó yẹ kó o sọ ọ́ fún.

Àánú rẹ̀ wà nílẹ̀ fún ọ lónìí. Mi ò lè ṣèlérí ọ̀la fún ọ, ìwọ náà ò sì lè ṣe é fún ara rẹ.